Ẹnu Tí Ó Gé Okùn

Monílọ́lá Kìtán ni orúkọ obìnrin náà. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́, ọdún kejì tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù sì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àgbàlagbà ń ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàrí. Akínlolú, ọkọ rẹ̀, ti kú. Omi ni ó gbé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi ni ó pa á. Ẹnu ni ó pa á, ẹnu ènìyàn kan tí a kò tíì mọ ojú tí ó wà lókè rẹ̀.

Níwájú pósí ni Monílọ́lá ti búra pé òun kò ní í bọ́ aṣọ dúdú títí a ó fi pe orúkọ ẹlẹ́nu náà ní gbangba, lójú ọ̀sán, kí onílé gbọ́, kí àlejò sì gbọ́ pẹ̀lú. Kò fẹ́ gbà-má-bínú. Kò fẹ́ kí ọlọ́pàá mú ẹnikẹ́ni lọ sí kọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní gbangba ni wọ́n ti ba orúkọ ọkọ òun jẹ́. Ní gbangba náà ni òun fẹ́ kí a ti fọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn obìnrin ìjọ sọ fún un pé ti Ọlọ́run ni ẹ̀san. Ó dá wọn lóhùn pé òun mọ̀, pé òun kàn fẹ́ bá Ọlọ́run mú ògùṣọ̀ dání ni.

Ọmọ Ugbólókun ni Akínlolú, abúlé kan ní etí ọ̀sà ní ìsàlẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó nínú omi. Ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ẹja ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ọba ní Àkúrẹ́. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ènìyàn lè rí àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ó bá dúró sínú ọ̀sà náà. Nígbà tí ó dàgbà, omi náà ti di ọbẹ̀ ewédú, ẹja sì ń léfòó ní òròòwúrọ̀ bí ewé gbígbẹ. Nítorí náà ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń sin ẹran inú ìkarahun méjì tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòngbò igi ẹ̀gbà tí ó ń hù létí omi, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọ́sítà. Ó so wọ́n mọ́ okùn, ó fi okùn náà kọ́ sára ọparun tí ó tẹ́ sójú omi, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa jẹun.

Ẹni tí ó ṣe yẹ̀yẹ́ jù ni Jíbọ́lá Oyèníyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ bíbí Àkúrẹ́ ni Jíbọ́lá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlú Oǹdó ni oko adìẹ rẹ̀ wà, oko ńlá tí kò rọ nígbà tí oúnjẹ adìẹ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olóko mìíràn fi ń ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ Sátidé kan ni ó wá jẹ iyán nílé wọn.

"Kìtán," ni ó wí, ó ń fọ ọwọ́, "àwọn ènìyàn ń gbin iṣu, àwọn ènìyàn ń gbin kòkó. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tí ó ń gbin òkúta."

"Òkúta tí ó ń jẹun ni," ni Akínlolú fèsì. "Gbọ́, Jíbọ́. Ìgbẹ́ adìẹ, ìgbẹ́ ènìyàn, ajílẹ̀ àpò tí òjò gbá kúrò lóko, gbogbo wọn ni ó ní ohun kan nínú tí à ń pè ní náítírójìn. Lórí ilẹ̀, oúnjẹ àgbàdo ni. Bí ó bá pọ̀ jù nínú omi, oúnjẹ ewéko wẹ́wẹ́ ni, èyí tí ojú kò lè rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n a jẹ, wọ́n a bí sí i, títí omi yóò fi di àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá wá kú, tí wọ́n ń jẹrà, wọ́n a gba atẹ́gùn tí ẹja ì bá fi mí."

"Ìkarahun tìrẹ wá ń ṣe kí ni? Ó ń gbàdúrà fún wọn?"

"Ó ń ya ẹnu. Kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń fa omi wọlé, ó ń jẹ ewéko wẹ́wẹ́ náà, ó sì ń tu omi tí ó mọ́ jáde. Náítírójìn inú ewéko a di ẹran ara rẹ̀ àti ìkarahun rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá fa okùn jáde, mo fa ìdọ̀tí jáde nìyẹn. Èyí tí ó bá yà bí ìgbẹ́ sínú ẹrẹ̀, àwọn ohun tín-tìn-tín inú ẹrẹ̀ a sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di atẹ́gùn, a sì lọ sójú ọ̀run níbi tí kò ti pa ẹja lára."

Jíbọ́lá bu òkèlè, ó dá a dúró sójú ọ̀nà. "Ọlọ́run mi! Ẹran tí ó ń jẹ ìgbẹ́! Ẹ̀yin ará odò yóò sì sè é jẹ?"

"Rárá. Èyí tí mo gbé sí ibi tí omi ti burú jù, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kan ẹnu. Ìkarahun rẹ̀ nìkan ni mo ń lọ̀. Ta ni mo sì ń kó o fún? Ìwọ alára, kí èèpo ẹyin adìẹ rẹ lè nípọn."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Akínlolú kò pẹ́ nínú ẹ̀rín náà. Ó ní, "Ìkarahun nìkan kò tó o. Bí a kò bá dí ojú ibi tí ìdọ̀tí náà ti ń wá, agbọ̀n ni mo fi ń gbọ́n omi." Bí ó ti sọ ọ́, ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń wò. Monílọ́lá dìde lọ bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀.

Oṣù náà kò parí tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́ sílẹ̀ lórí rádíò kan ní Àkúrẹ́, nínú ètò òwúrọ̀ tí àwọn olùgbọ́ máa ń pè wọlé sí. Ohùn ọkùnrin kan ni, ohùn tí ó dàbí ẹni pé ó gba inú aṣọ kọjá. Ó ní: "Ẹ káàárọ̀ o, olóòtú. Èmi ọmọ Igbólókun ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọmọ mi jẹ ìkarahun Kìtán lánàá, kò rí àárọ̀ òní. Májèlé inú omi ni ìkarahun náà ń fà mu, májèlé náà ni Kìtán sì fi ń bọ́ wa." Ó bú sẹ́kún. Ó gé fóònù.

Ìbẹ̀rù jẹ́ aláìlétí. Ní gbogbo abúlé etí ọ̀sà, kò sí ẹni tí ó béèrè pé ọmọ ta ni ó kú. Ará ìsàlẹ̀ rò pé ọmọ ará òkè ni. Ará òkè rò pé ọmọ ará ìsàlẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àdá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé okùn. Akínlolú, tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́hùn-ún ní ọjọ́ náà, fò sínú omi láàárín wọn, ó ń ké pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n gbọ́ tẹnu òun. Okùn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so, tí ìkarahun fi wúwo bí irin, já sínú omi, ó sì wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi rí i fà jáde, ẹnu rẹ̀ ti kún fún ẹrẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ìlú wá rí i pé kò sí ọmọ kankan tí ó kú. Ṣùgbọ́n irọ́ ti kọjá lọ, òtítọ́ sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́, Monílọ́lá ń ra ata nígbà tí ó gbọ́ tí ẹlẹ́ja kan ń wí fún èkejì pé, "Ìyàwó ọkùnrin tí ó fi ìkarahun pa ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn." Ó san owó ata rẹ̀. Ó lọ sílé, ó sì tan ohùn orí rádíò náà lórí fóònù, nítorí pé ó ti tàn kálẹ̀ lórí fóònù gbogbo ayé nígbà náà.

Ó gbọ́ ọ bí olùkọ́ ti ń gbọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń ka ìwé. Kò gbọ́ ẹkún inú rẹ̀. Ìpèdè ni ó gbọ́. *Igbólókun.* Ó dá a padà, ó tún un gbọ́.

Kò sí ọmọ tí a bí sí Ugbólókun tí yóò pe ìlú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí a tilẹ̀ yọ ìbọn sí i. Àwọn ará etí omi tí wọ́n gbọ́ ọ rò pé Yorùbá orí rádíò ni, pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará òkè ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Monílọ́lá mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ tí ó bá gbọ́ orúkọ àjèjì yóò pè é bí wọ́n ti pè é fún un. Ará Àkúrẹ́ ńkọ́? Ilé ni ó ń pè ní "ulé", iṣu ni ó ń pè ní "uṣu". "Ugbó" rọrùn ní ẹnu rẹ̀ ju omi mímu lọ. Ta ni yóò wá sá fún "u" títí yóò fi yí orúkọ ìlú padà? Ẹni tí ó ní "u" náà nílé, tí a sì ti fi nǹkan lé e jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí ni ó ń sá fún ekòló.

Rádíò Àkúrẹ́ ni ó sì pè. Nítorí náà, ọmọ Àkúrẹ́ ni. Ọmọ Àkúrẹ́ tí ó gbọ́ àlàyé Akínlolú nípa bí ìkarahun ti ń fa ìdọ̀tí mu, tí ó sì lọ́ àlàyé náà po di májèlé. Monílọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí wá a.

Kò wá a jìnnà. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Jíbọ́lá dé pẹ̀lú kéréètì ẹyin lọ́wọ́, bí ó ti máa ń ṣe láti ìgbà ìsìnkú. Òun ni ó sunkún jù níbi ìsìnkú náà. Ènìyàn méjì ni ó dì í mú.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Ìrònú kò jẹ́ kí n gbádùn," ni ó wí, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń jẹ àkàrà tí ó bá lórí tábìlì. "Ebi ń pa gbogbo ènìyàn. Mo ní kí n ṣe nǹkan ní ìrántí Kìtán. N ó kó ìrẹsì àti ẹyin fún àwọn ará Igbólókun. A ó ṣe é ní Oǹdó, nínú gbọ̀ngàn, kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó wọn wá."

Omi tí Monílọ́lá ń bù fún un kún ife, ó kọjá etí ife, ó sì ṣàn sórí tábìlì. Ó fi aṣọ nù ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí ó gbé ojú sókè, ẹ̀rín wà níbẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ ni ẹ ni ugbó. Kí ni ó dé tí ẹ fi sọ ọ́ di igbó?"

Jíbọ́lá rẹ́rìn-ín kèékèé. "Tíṣà ti tún gbá mi mú! Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Tíṣà kan kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Bámidélé ni orúkọ rẹ̀, ará Ọ̀yọ́. Bí o bá ní 'uṣu', ẹgba. Bí o bá ní 'ulé', ẹgba. Ní ọjọ́ kan mo ní 'Úńkù mi wá kí wa', ó nà mí! Mo ní kí ni kí n pè é, sà? Ó ní kí n pè é ní àbúrò bàbá mi! Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí 'u' níwájú ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn mi a bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí." Ó nu omijé ẹ̀rín kúrò lójú. "Ṣé mo ṣì í pè ni?"

Obìnrin yìí ni ẹni tí ó máa ń gé máàkì ọmọ nítorí àmì ohùn kan ṣoṣo. Òun ni ó dá ìwé ìpè ìgbéyàwó padà fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nítorí pé wọ́n kọ "ẹ" láìfi àmì sí nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti mú ṣọ́ọ̀kì dání, kò tíì fọwọ́ sí àṣìpè rí.

"Rárá o," ni ó wí. "Igbólókun náà ni Yorùbá tí ó yè kooro. Ẹ má yí i padà nítorí ẹnikẹ́ni."

Irọ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí a kò fọ̀. Nígbà tí àlejò rẹ̀ lọ, ó din méjì nínú ẹyin náà, ó sì jẹ wọ́n tán pẹ̀lú búrẹ́dì, nítorí pé iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ fẹ́ agbára.

Ṣùgbọ́n àṣìpè kan kò tó láti fi so ènìyàn mọ́ òpó. Kí ni yóò mú kí ọ̀rẹ́ ṣe irú èyí sí ọ̀rẹ́? Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí Alágbàáká, níbi tí ilé iṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí, ó sì béèrè Bísọ́dún, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìkàrẹ́ tí ó máa ń bá Akínlolú lọ bu omi fún àyẹ̀wò. Bí Bísọ́dún ti rí aṣọ dúdú náà ní ẹnu ọ̀nà, ó yára jáde.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a lọ sí abẹ́ máńgòrò lọ́hùn-ún."

"Ta ni o ń bẹ̀rù, Bísọ́dún?"

"Gbogbo wọn, mà." Ó wo ẹ̀yìn kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá ní kí a tọ ìdọ̀tí náà lọ sí orísun. A gòkè láti ọ̀sà, a ń bu omi ní gbogbo abẹ́ afárá. Bí a ti ń gòkè ni ó ń burú sí i, títí a fi dé ẹ̀yìn ìlú Oǹdó. Kòtò kan wà níbẹ̀ tí ó ń tú ìgbẹ́ adìẹ sínú odò. Lókè kòtò náà, omi mọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, mà, ẹ kò ní í fẹ́ fi fọ ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn náà ń da tiwọn síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tó ti kòtò náà."

"Oko ta ni?"

Bísọ́dún wo ilẹ̀. "Ẹ mọ̀ ọ́n, mà. Ẹ máa ń se iyán fún un. Ọ̀gá ní àwọn kò ní í sọ ọ́ síta kí àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní, 'Ó ní kí n fún òun láyè di ìparí oṣù.' Kí oṣù tó parí, rádíò ti sọ̀rọ̀."

"O sì dákẹ́."

"Mo ní ọmọ, mà. Àwọn tí ó lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń bá a jẹun."

"Èmi náà ní ọkọ," ni Monílọ́lá wí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Bí ẹnìkan bá kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba, mà, n kò ní í jẹ́ kí ó dá sọ ọ́."

Kò pẹ́ tí Jíbọ́lá fi pè é lórí fóònù. Ọjọ́ ìfúnni-ní-ẹ̀bùn ti sún mọ́. "Ìyàwó wa, ẹ mọ̀ pé Yorùbá mi kò gún. Ẹ bá mi kọ ọ̀rọ̀ tí n ó sọ. Ẹ jẹ́ kí ó wọ̀ wọ́n lára, kí wọ́n tilẹ̀ sunkún díẹ̀."

"Wọn yóò sunkún, ọkọ mi," ni ó dáhùn.

Ó kọ ọ́ bí ẹni tí ó ń hun àwọ̀n. Ó fi gbólóhùn dídùn sí iwájú, ó fi òwe sí àárín, ó sì fi gbólóhùn kan sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbóná, èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ rárá: *Èmi ọmọ Ugbólókun ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀.* Ó kọ Ugbólókun bí ó ti tọ́, ó fi àmì sí i lórí. Ṣé Jíbọ́lá yóò rántí pé ẹnu òun ni gbólóhùn náà ti jáde rí? Àwọn àgbà ti dáhùn ìbéèrè náà kí a tó bí Jíbọ́lá: ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Jíbọ́lá sọ ọ́. Ní Ugbólókun, wọ́n ti gbọ́ ọ títí ó fi di èébú, bí ẹnìkan bá purọ́ lójú ọjà, wọ́n a ní, "Ọmọ Igbólókun, ẹ kú ọ̀rọ̀ o."

Ní ọjọ́ náà, gbọ̀ngàn kún ní Oǹdó. Àwọn ará etí omi ti kúrò nílé ní kùtùkùtù, ebi sì wà lójú wọn. Ìrẹsì wà níwájú ní òkìtì, ẹyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kéréètì lórí kéréètì. Àwọn olówó ìlú Oǹdó jókòó lórí àga onítìmùtìmù, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti Àkúrẹ́ jókòó tẹ̀ lé wọn, Bísọ́dún sì wà ní ìlà ẹ̀yìn láàárín wọn.

"Ìrẹsì yìí, ṣé kò ní òkúta báyìí?" ni obìnrin Ugbólókun kan bi ẹnìkejì rẹ̀.

"Bí ó bá ní òkúta, a ó gbìn ín. Ṣebí Kìtán ti kọ́ wa."

"Dákẹ́, ìyàwó rẹ̀ nìyẹn."

"Kí ó gbọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀."

Monílọ́lá gbọ́. Ó jókòó ní ìlà iwájú, ó gbé ọwọ́ lé itan.

Jíbọ́lá dìde nínú agbádá funfun. Ó mú gbohùngbohùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà, ohùn rẹ̀ sì dùn. Nígbà tí ó dé àárín, inú rẹ̀ dùn jù, ó sì pa ìwé náà dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹnu ara rẹ̀: bí òun àti Kìtán ti ń pín gàrí mu ní ilé-ẹ̀kọ́, bí òun ti ń gba Kìtán nímọ̀ràn. Monílọ́lá rí ewu náà. Bí ó bá lọ báyìí títí ó fi jókòó, wọn yóò pín ìrẹsì, wọn yóò gbàdúrà fún un, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ń pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Jíbọ́lá kò mọ bí a ti ń parí ọ̀rọ̀. Ó ṣí ìwé náà padà, ó sì wá ibi tí yóò gbà dé òpin.

"Láti òní lọ," ni ó kà, ó gbé ohùn sókè, "ẹ má ṣe kà mí sí àlejò mọ́. Èmi ọmọ Igbólókun ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀."

Àtẹ́wọ́ ìlà iwájú dún, ó sì kú, nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbè é lẹ́yìn. Àwọn ará Ugbólókun jókòó bí ẹni tí a da omi tútù lé lórí. Obìnrin tí ó ní àwọn yóò gbin òkúta ni ó kọ́kọ́ la ẹnu. Kò pariwo. Ó kàn parí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ó ń gbe orin:

"Ọmọ mi jẹ ìkarahun Kìtán lánàá."

"Kò rí àárọ̀ òní," ni ìlà tí ó tẹ̀ lé e wí.

"Májèlé inú omi," ni àwọn mìíràn wí, ọ̀rọ̀ náà sì ń rìn lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, láti ẹnu dé ẹnu, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnìkan ti tan ohùn náà lórí fóònù. Ohùn inú fóònù àti ohùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú gbohùngbohùn jáde dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kò sì sí aṣọ tí ó lè bo ìjọra wọn.

Bàbá Akínsànyà, tí ó dàgbà jù nínú àwọn ará Ugbólókun, fi ọ̀pá dìde.

"Ọmọ," ni ó wí fún Jíbọ́lá, "ìlú wo ni o pè?"

"Igbó..." ni Jíbọ́lá wí. Ó yí sí Monílọ́lá. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin ni ẹ kọ ọ́! Ẹ̀yin náà ni ẹ ní n kò ṣì í pè!"

Monílọ́lá dìde. "Mo ní ẹ kò ṣì í pè, irọ́ sì ni mo pa. Ugbólókun ni mo kọ síbẹ̀, ọkọ mi. Mo fi àmì sí i. Ẹ fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀wé. Igbólókun, inú ẹnu yín ni ó ti wá, inú ẹnu yín náà ni ó sì ti wá ní ọjọ́ tí ẹ bá rádíò sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rí wo ni ẹ ní? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán! Kí ni mo fẹ́ fi Kìtán ṣe? Ọ̀rẹ́ mi ni!"

Àwọn olówó ìlú ń wo ara wọn. Ní ìlà ẹ̀yìn, àga kan dún gbì, Bísọ́dún sì dìde.

"Kòtò yín ni, sà," ni ó wí. "Èmi àti ọ̀gá ni a jọ bu omi ibẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ yín ni ó ń ṣàn lọ pa ọ̀sà wọn. Ọ̀gá sọ fún yín bí ọ̀rẹ́, ẹ ní kí wọ́n fún yín láyè di ìparí oṣù. Oṣù náà ni ẹ pa wọ́n."

Ariwo sọ. Jíbọ́lá ń wí nǹkan nínú gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ẹ̀rọ náà. Àwọn ọ̀dọ́ kan dìde, àwọn tí ọwọ́ wọn ti mú àdá ní ọjọ́ náà, ojú wọn sì burú, nítorí pé ìtìjú ti ara wọn wà nínú rẹ̀. Bàbá Akínsànyà na ọ̀pá rẹ̀ sí wọn, wọ́n sì jókòó.

"Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án," ni ó wí. "A ti fi ọwọ́ ṣe nǹkan rí, a sì rí ohun tí ó yọrí sí. Ìyàwó Kìtán, ìwọ ni a dá lóró. Gbogbo wa ti gbọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o dárúkọ rẹ̀, kí ó má baà sí ẹni tí yóò wí lọ́la pé òun kò mọ ẹni tí a ń bá wí."

Monílọ́lá gun orí pèpéle. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin náà, ó súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbọ́ èémí rẹ̀. Kò béèrè gbohùngbohùn. Ó fi ohùn tí ó fi ń kọ́ni ní kíláàsì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, ohùn kọ̀ọ̀kan sì wà ní àyè rẹ̀.

"Ọkọ mi, Akínlolú Kìtán, ọmọ Ugbólókun, kò pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Omi yín ni ó ń fọ̀. Ẹni tí ó ba omi náà jẹ́, tí ó fi irọ́ gé okùn, tí ó pa ọkọ mi, tí ó sì wá sunkún lórí òkú rẹ̀, kì í ṣe ọmọ Ugbólókun, kì í sì í ṣe ọmọ Igbólókun, nítorí pé kò sí ìlú tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ ni. Ẹ̀yìn ìlú Oǹdó yìí ni oko rẹ̀ wà. Orúkọ rẹ̀ ni Jíbọ́lá Oyèníyì."